Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: agbada tuntun fún Ìyá Ìbejì ní Sábó, Ìkòròdú

Bí iṣẹ́ ṣe dé

Iṣẹ́ irin ni iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bí i. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ń dín pòtétò òyìnbó àti ànàmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ní kí n bá àwọn jó ibi ìdáná tuntun: agbada ńlá, ẹsẹ̀ irin, òrùlé páànù, kí gbogbo rẹ̀ sì ṣeé gbé wọlé bí ilẹ̀ bá ṣú. Èyí tí wọ́n ń lò ti dípẹtà débi pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Kí n tó wọn irin kankan, mo lọ jókòó tì wọ́n, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jó agbada fún olóúnjẹ láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, irin lásán ló jó pọ̀. Mo rí àpò pòtétò tó lanu sílẹ̀ nínú oòrùn. Òróró àná ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òní, ó ti dúdú, ó sì ń yọ fóòmù. Agbada náà tẹ́ pẹrẹsẹ, iná abẹ́ rẹ̀ kò ní ìjánu, èéfín nìkan ló ń sọ fún wọn pé òróró ti gbóná kọjá ààlà. Pòtétò tó ń jáde ti jóná létí, àwọn oníbàárà sì tún ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó gan sí i.

Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ díẹ̀, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní àyẹ̀wò ti fi hàn pé Bàbá Ìbejì ní àtọ̀gbẹ, pé ẹnìkan sì ti sọ fún àwọn pé pòtétò tí àwọn ń tà tí wọ́n sì ń bá àwọn jẹ ló fà á. Wọ́n ní, "Wẹ́dà, ṣé ohun tí mo fi ń tọ́ ọmọ náà ló wá ń pa bàbá wọn?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí pòtétò náà kó tó dé inú àwo."

Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyẹn, òun ni mo sì fi ya àwòrán gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ mú pòtétò tí a sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ẹ wọn gíráàmù 100 níbẹ̀. Kálórì inú rẹ̀ jẹ́ bíi 87, ọ̀rá rẹ̀ kò tó gíráàmù kan, fítámì C tó bíi mílígíráàmù 13, potásíọ̀mù, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà, sì tó bíi mílígíráàmù 379. Ẹ gé irú pòtétò bẹ́ẹ̀, ẹ dín in nínú òróró bí wọ́n ṣe ń dín in tà: gíráàmù 100 yẹn á ní kálórì bíi 312 àti ọ̀rá bíi gíráàmù 15. Ẹ fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rà nínú láílọ́ọ̀nù, kálórì á fò dé bíi 536, ọ̀rá á sì lé ní gíráàmù 30. Láti oko kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Omi ló kúrò nínú rẹ̀, òróró ló gba ipò omi.

Nítorí náà mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé agbada nìkan kò ní tó. A nílò àpótí tí pòtétò máa gbé, agbada tó ní ìjánu, ìkòkò tó ń fi ooru omi se nǹkan, àti dúróòmù fún ànàmọ́. Wọ́n wò mí títí. "Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó gbogbo ìyẹn o." A fẹnu kò pé a ó máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, pé wọn á máa san án bí ọjà bá ṣe ń lọ.

Àpótí

Àpótí ni mo kọ́kọ́ kàn, nítorí pòtétò tó bá ti bàjẹ́ nínú àpò, kò sí iná tó lè tún un ṣe.

Pòtétò tí à ń jẹ ní Èkó, Jos ló ti ń wá jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó bíi mítà 1,200 sókè ìpele òkun, ó tutù, ó sì bá irúgbìn náà lára mu. Wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù wá sí ọjà Mile 12, láti ibẹ̀ ni àwọn ará Ìkòròdú ti ń rà á. Bó bá fi máa dé Sábó, ó ti jẹ ooru lọ́nà. Bí a bá wá gbé e sínú oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, èèpo rẹ̀ á sì di àwọ̀ ewé.

Àwọ̀ ewé yẹn fúnra rẹ̀ kò ṣe ènìyàn ní nǹkan, òun náà ló wà nínú ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó mú un wá ni ìmọ́lẹ̀ tó ń mú kí májèlé kan tí wọ́n ń pè ní solanine pọ̀ sí i lábẹ́ èèpo àti ní ojú ibi tó ti ń hù. Ìgbóná ìdáná kì í pa solanine. Ẹ sè é o, ẹ dín in o, ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fi mílígíráàmù 200 nínú kílò pòtétò kan ṣe ààlà fún òun àti àwọn ẹbí rẹ̀. Lọ́dún 1969, ní ilé ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọkùnrin 78 ló ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ pòtétò tí wọ́n ti gbé jọ láti sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti inú rírun ni, àwọn míì nínú wọn sì dèrò ilé ìwòsàn. Gbogbo wọn padà gbádùn, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo àsìkò tí mo ń gé pákó.

Férémù pákó ni, ó ní àjà mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e kúrò nílẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa dé ibẹ̀. Mo fi nẹ́ẹ̀tì irin ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, mo wá fi aṣọ àpò dúdú bò ó níta kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àlàfo láàrin. A kì í bo pòtétò sínú láílọ́ọ̀nù, omi ara rẹ̀ á mú un rà. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa lọ sí àjà òkè, ti àjà ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò.

Ìyá Ìbejì béèrè bóyá kí àwọn kúkú máa kó o sínú fíríìjì. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tí wọ́n fẹ́ dín. Bí pòtétò tútù bá wà níbi tí ìgbóná rẹ̀ kò tó 6°C fún ọjọ́ mélòó kan, sítáàṣì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣúgà, ṣúgà yẹn ló sì máa ń mú un dúdú kíákíá nínú òróró. Ọ̀rọ̀ dúdú yẹn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Fún sísè, kò sí ewu nínú ìyẹn.

Ohun tí a fi kún àpótí ni ọ̀bẹ kan tí a so mọ́ ọn. Ibi tó bá ti di àwọ̀ ewé, kí wọ́n gé e jìn. Ojú tó bá ti hù, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jáde. Èyí tó bá ti di àwọ̀ ewé yíká, tàbí tó korò lẹ́nu, kí wọ́n gbé e sọnù. Mo mọ̀ pé ó dun ọlọ́jà. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, mi ò sì bẹ̀ wọ́n lórí rẹ̀.

Agbada

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Sitenlẹ́ẹ̀sì 304, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni mo lò, nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.5, mo sì fi ọ̀pá ìjórin 308L jó o. Ìyá Ìbejì fẹ́ kí n fi ẹ̀rọ omi onídẹ sí ìdí rẹ̀ torí pé kò wọ́n. Mo kọ̀. Bàbà wà nínú idẹ, bàbà sì ń mú kí òróró gbígbóná tètè bàjẹ́. Fáàfù sitenlẹ́ẹ̀sì ni mo wá kiri, títí mo fi rí i lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ.

Mo ṣe ìdí agbada náà bí ìdí ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ ní Èbúté, ó mú ní ìsàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè. Iná kì í jó ní ìdí mímú yẹn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lókè díẹ̀, ni mo darí iná sí. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé èérún pòtétò tó bá já á rì lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí òróró kò ti gbóná púpọ̀, yóò dúró síbẹ̀ láìjóná. Nínú agbada pẹrẹsẹ, èérún yẹn máa ń jóná sórí irin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á máa sọ òróró di dúdú, á tún máa lẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ ń kó jáde. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á dúró kí òróró tutù, wọ́n á ṣí fáàfù, èérún á kọ́kọ́ jáde, òróró á gba inú asẹ́ aláṣọ kọjá sínú kẹ́ẹ̀gì.

Lẹ́yìn náà ni tẹmọ́mítà. Mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ agbada, mo jó ọrùn kan sí i, mo de tẹmọ́mítà olójú aago mọ́ ọn, mo sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí 175°C. Mo ní kí iná má ṣe kọjá ìlà yẹn.

Ìdí rẹ̀ ni acrylamide. Ní oṣù kẹrin ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Sweden kéde pé kẹ́míkà yìí wà nínú oúnjẹ tí gbogbo ayé ń jẹ: pòtétò díndín, búrẹ́dì, bísíkíìtì, kọfí. Kò sẹ́ni tó bù ú sí i. Ohun kan wà nínú pòtétò tó ń jẹ́ asparagine. Bí òun àti ṣúgà bá pàdé nínú ìgbóná tó kọjá 120°C níbi tí omi ti ń gbẹ, acrylamide ni wọ́n ń bí. Bí àwọ̀ bá ṣe ń ṣú sí i ló ń pọ̀ sí i. Láti 1994 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, IARC, ti kà á mọ́ àwọn nǹkan tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, ara ẹranko sì ni ẹ̀rí tó lágbára jù ti wá. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 fi máíkírógíráàmù 500 nínú kílò kan ṣe ìwọ̀n tí àwọn tó ń ta pòtétò díndín yóò fi máa yẹ iṣẹ́ wọn wò, ó sì ní kí òróró wọn má kọjá 175°C. Ibẹ̀ ni mo ti mú ìlà pupa mi.

N kò fẹ́ fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwo pòtétò díndín kan kò ní gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ẹni tó ń jẹ èyí tó jóná lójoojúmọ́ ni mo ń rò, bíi àwọn ọlọ́kadà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun àárọ̀.

Nítorí náà, àwọ̀ wúrà ni kí a máa wá. Ohun mẹ́ta ló ń ràn án lọ́wọ́ yàtọ̀ sí tẹmọ́mítà, mo sì ṣe àyè fún wọn lórí tábìlì. Báàsì omi wà lápá òsì: bí wọ́n bá gé pòtétò tán, kó wà nínú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, ṣúgà tó wà lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà á máa ṣàn sínú omi. Kí wọ́n da omi yẹn nù, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, torí omi àti òróró gbígbóná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Gígé rẹ̀, kó nípọn bí ìka ọwọ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ara púpọ̀ tí òróró lè gbà wọlé, òun náà ló sì máa ń tètè jóná.

Ẹ̀kẹta, ìkọ́ tí òróró ti máa ro kúrò lára pòtétò, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú agbada ni pòtétò ti ń mu òróró. Níbẹ̀, ooru omi ń ti inú rẹ̀ jáde, kì í jẹ́ kí òróró rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Ìgbà tí a bá gbé e jáde tó ń tutù ni ooru inú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ á di omi padà, àyè á ṣófo, á wá fa òróró ara rẹ̀ wọnú. Ẹni tó bá ko pòtétò láti inú agbada sínú báàsì, tó bò ó mọ́lẹ̀ lórí ara wọn, òróró tó yẹ kó ro dànù ló ń tà fún oníbàárà. Mo jó ìkọ́ méjì sókè agbada. Bí apẹ̀rẹ̀ nẹ́ẹ̀tì bá jáde, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kíákíá, kí wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀, nínú ìgbóná tó ń gòkè láti ara òróró, kó rò nígbà tó ṣì ń hó.

Ní ti òróró, òróró ẹ̀pà ni wọ́n ń lò, ó sì dára. Ọ̀rá tó dì bíi bọ́tà tí àwọn kan ń fi kún un kó lè gan, mo ní kí wọ́n jìnnà sí i. NAFDAC gbé òfin jáde ní 2022 pé ọ̀rá búburú tí wọ́n ń pè ní trans fat kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ̀rá oúnjẹ lọ, nítorí ohun tó ń ṣe fún ọkàn. Bí òróró bá ń yọ fóòmù, tó ń rú èéfín kó tó dé ìlà pupa, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Fífi tuntun lé e lórí kì í wò ó sàn.

Iyọ̀, ìkejì òróró ni. Ẹ̀yìn tó bá ti rò tán ni kí wọ́n bù ú sí i, díẹ̀.

Ìdánwò iná

Bọ́nà tí mo rà lágbára jù. Mo fi omi kún agbada ní àkọ́kọ́ láti wò bóyá ojú ìjó kan ń jò; kò sí èyí tó jò. Omi yẹn náà ni mo fi dán tẹmọ́mítà wò: Ìkòròdú kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, omi tó ń hó níbí gbọ́dọ̀ wà ní 100°C. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní tẹmọ́mítà ìdáná lè dán an wò bẹ́ẹ̀ nílé.

Nígbà tí òróró dé, abẹ́rẹ́ kọjá 175, ó kọjá 200, kò sì fẹ́ dúró. Mo pa á. Mo yọ bọ́nà náà, mo fi páìpù méjì tí mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì de rẹgulétọ̀ tó ṣeé yí. Mo fi omi ọṣẹ pa gbogbo orítà páìpù. Bí gáàsì bá ń jò, ọṣẹ á yọ fóòmù. Lẹ́yìn èyí, iná ń gbọ́ràn.

A wá rí nǹkan míì. Bí apẹ̀rẹ̀ bá kún dẹ́nu, ìgbóná á já lulẹ̀, pòtétò á jókòó nínú òróró tí kò gbóná tó, á rọ̀, á sì pọ̀ ní òróró. Bí apẹ̀rẹ̀ bá dé ìdajì, abẹ́rẹ́ á já díẹ̀, á sì padà sókè kíákíá. Mo gé apẹ̀rẹ̀ náà kéré kí ó má lè gba ju ìyẹn lọ. Ìyá Ìbejì kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ọjà á falẹ̀. Mo là á yé wọn: wọ́n ń dín in nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́.

Ìkòkò ooru

Èyí kò gba iṣẹ́ púpọ̀. Ìkòkò ńlá kan, ajere sitenlẹ́ẹ̀sì tí mo lu ihò sí nínú rẹ̀, ìdérí tó bò ó dáadáa. Omi ń hó nísàlẹ̀, pòtétò wà lórí ajere pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ooru omi kì í kọjá 100°C nínú ìkòkò lásán, nítorí náà acrylamide kò ní ibi tó máa gbà wọlé. Fítámì C máa ń bá omi ìsè lọ. Bí pòtétò kò bá sí nínú omi, tí èèpo rẹ̀ sì wà lára rẹ̀, púpọ̀ nínú fítámì náà ló máa kù. Ẹni tó bá fẹ́ sè é nínú omi, kó má bó o, kó má gé e kó tó sè é, kó má sì da omi pọ̀.

Àfi àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Òdìkejì gbogbo èyí ni dókítà máa ń sọ fún wọn: kí wọ́n bó o, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, kí wọ́n da omi náà nù, kí potásíọ̀mù lè bá a lọ. Pòtétò kan náà, ara yàtọ̀ sí ara. Mo ní kí Ìyá Ìbejì máa bi àwọn àgbà tó bá fẹ́ rà á.

Wọ́n ń tà á pẹ̀lú ata díndín, ẹyin sísè tàbí ẹja. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ díndín lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ béèrè bóyá wọ́n rò pé ara òun kò yá ni. Ìyá Ìbejì ní, "Ọmọ mi, tọ́ ọ wò ná." Ó tọ́ ọ wò, ó ní kí wọ́n fi ata kún un.

Dúróòmù ànàmọ́

Ìkìlọ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó ṣe irú èyí: ẹ má lo dúróòmù tó ti gbé kẹ́míkà rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ẹ má sì lo irin tí wọ́n fi síńkì bò níbi tí iná máa kàn. Èyí tó ti gbé òróró jíjẹ ni mo wá rí. Mo fi iná líle jó ọ̀dà ara rẹ̀ tán, mo fọ̀ ọ́, mo gé ilẹ̀kùn sí i. Èédú wà nísàlẹ̀, páànù irin kan dá ààlà láàrin èédú àti àjà ànàmọ́, kí èéfín má bàa máa rú sí i lára tààrà.

Ànàmọ́ àti pòtétò òyìnbó kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ìwà wọn lórí iná sì yàtọ̀. Èmi náà ti rò pé ohun tí a bá sun ni yóò dára jù nítorí kò ní òróró. Ní ti ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan láti Jàmáíkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, wọn bí ànàmọ́ ṣe ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, níbi tí gúlúkóòsì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ 100. Èyí tí wọ́n sè wà láàrin 41 sí 50. Èyí tí wọ́n dín wà láàrin 63 sí 77. Èyí tí wọ́n sun lórí iná tàbí yan nínú ààrò lọ láti 79 títí dé 94. Oríṣi ànàmọ́ kan náà! Ìgbóná tó ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ máa ń fún èròjà kan nínú ànàmọ́ láyè láti sọ sítáàṣì di ṣúgà, òórùn dídùn tó ń ti dúróòmù jáde sì ni ẹlẹ́rìí.

Nítorí náà, ànàmọ́ sísun wà fún àwọn ọmọdé àti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, inú ìkòkò ni kí wọ́n ti bù fún un.

Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa wá ànàmọ́ tí inú rẹ̀ pọ́n bí wọ́n bá lọ sọ́jà. Funfun ló pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ́n ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, tó ń dáàbò bo ojú ọmọdé. Iṣẹ́ lórí irú ànàmọ́ yìí ní Áfíríkà wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ mẹ́rin ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 2016. Fítámì náà ń fẹ́ ọ̀rá díẹ̀ kí ara tó lè gbà á, epo pupa inú ọbẹ̀ sì ti tó fún un.

Àwo Bàbá Ìbejì

Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní 2025 tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 205,000 ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń jẹ pòtétò díndín ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ewu àtọ̀gbẹ tó fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lọ. Èyí tí wọ́n sè, tí wọ́n yan tàbí tí wọ́n gún kò ní irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kedere. Mo ka èyí fún Ìyá Ìbejì, mo sì sọ pé kí wọ́n má fi di ara wọn lẹ́bi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé, sísanra, àìrìn, gbogbo rẹ̀ ló ń dá sí i.

Ṣùgbọ́n pòtétò sísè gbígbóná náà máa ń tètè gbé ṣúgà sókè. Ohun tó ń dín in kù ni kí a sè é, kí a jẹ́ kó tutù nínú fíríìjì mọ́jú. Apá kan sítáàṣì rẹ̀ á le, ìfun kékeré kò ní lè lọ̀ ọ́, á lọ bọ́ àwọn kòkòrò rere inú ìfun ńlá. Bí a bá tún un gbé kaná, púpọ̀ nínú èyí tó ti le yẹn kì í padà. Kó má ju wákàtí méjì lọ níta kó tó wọ fíríìjì, nítorí ooru wa níbí. Kí wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja, kó má pọ̀ nínú àwo, kí oògùn dókítà má sì dúró.

Bàbá Ìbejì fúnra wọn ní kí n jó àwo ìwọ̀n kékeré kan fún àwọn, kí ìyàwó wọn má bàa máa bù ú kọjá. Mo jó o láti ara sitenlẹ́ẹ̀sì tó ṣẹ́kù.

Èyí tó kù

Òrùlé páànù ti wà lórí rẹ̀, táyà kékeré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọ kan lè tì í wọlé. Owó dúróòmù kò tíì pé, mi ò sì lé wọn. Ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí ni ẹ̀rọ ìgé tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tó máa gé gbogbo pòtétò sí nínípọn kan náà kí gbogbo rẹ̀ lè jinná pọ̀; irin abẹ rẹ̀ ni mo ṣì ń wá, nítorí èyí tó wà lọ́jà rọ̀ jù. Olóúnjẹ míì ní ọ̀nà Ìgbógbó ti wá wo agbada náà, ó sì fẹ́ irú rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé àpótí la ó kọ́kọ́ kàn.